Baálẹ̀ Tó Ń Dúró De Ife Tíì Kẹta

Baálẹ̀ kan wà ní orílẹ̀-èdè olómìnira kan tí wọ́n ti ń fi òfin Ìsìláàmù ṣèjọba. Ilẹ̀ náà fẹ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n iyanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òkun wà ní ìwọ̀-oòrùn, ẹja ibẹ̀ sì ń mówó wọlé. Ní àríwá ni wọ́n ti ń wa irin nínú òkè, ọkọ̀ ojú irin gígùn kan ló ń kó o lọ sí èbúté. Ní gúúsù, àwọn àgbẹ̀ ń gbin ọkà bàbà sí etí odò. Àárín aṣálẹ̀ ni ìlú baálẹ̀ yìí wà ní tirẹ̀, níbi tí kò sí ẹja, tí kò sí irin. Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àti àwọn igi dàbínù tí kànga náà ń bọ́. Ààrẹ ń gbé létí òkun, ó sì yan gómìnà sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí gómìnà bá gbọ́ nìkan ni Ààrẹ ń gbọ́.

Lọ́dún kan, òkìtì iyanrìn ńlá dìde lẹ́yìn ìlú, afẹ́fẹ́ sì ń tì í bọ̀. Kò pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló ń kó jìnnìjìnnì bá ènìyàn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú á kọ́kọ́ kó iyanrìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó lè jáde. Ilé Sénábù, ọmọbìnrin baálẹ̀, ló kángun sí òkìtì náà. Kànga ló tẹ̀ lé e. Baálẹ̀ a máa wo ilé yẹn, a tún máa wo kànga.

Ìròyìn wá kàn wọ́n pé gómìnà ń rìn yíká láti mọ ìlú tí yóò gbé katapílà lọ, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbin igi tó ń dá iyanrìn dúró. Katapílà náà kò lè kárí gbogbo ìlú.

"Ṣé ẹ máa sọ fún un?" ìyàwó baálẹ̀ bi í.

"Màá sọ. Jẹ́ kó jókòó ná."

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé onílé kì í fi ọ̀rọ̀ burúkú pàdé àlejò. Kódà bí òkú bá wà nílẹ̀, tí wọ́n bá kí ọ, àlàáfíà ni wàá fi dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á po tíì, ife mẹ́ta. Ó di ìdí ife kẹta kí onílé tó tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, gómìnà náà sì mọ̀.

Gómìnà dé nínú eruku, àwọn sójà gbé ìbọn tẹ̀ lé e.

"Ṣé àlàáfíà ni, baálẹ̀?"

"Àlàáfíà ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

"Omi kànga ńkọ́?"

Kànga gan-an lọkùnrin yìí dárúkọ! Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀. Ó wo ìbọn àwọn sójà. Ó rántí baálẹ̀ kan tí wọ́n yọ nípò, wọ́n ní ó rí ìjọba fín.

"Àlàáfíà ni, sà."

Gómìnà mu ife kìíní. Ó gbójú sókè wo oòrùn, ó dìde. "Ẹ má bínú, mo fẹ́ bá ọkọ̀ ojú irin kó tó kúrò. Inú mi dùn pé ẹ̀yin ò ní wàhálà kankan."

Ìyàwó baálẹ̀ tó ń po tíì lẹ́yìn aṣọ ìkélé wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Baálẹ̀ na ọwọ́ sí agbádá gómìnà, ọwọ́ náà pa dà wálẹ̀. Mọ́tò ṣí.

"Bàbá Sénábù," ìyàwó rẹ̀ sọ, "torí ẹnu ni wọ́n ṣe fi yín jẹ baálẹ̀. Ta lẹ wá ń tọ́jú ẹnu yẹn dè?"

"Ife kìíní ṣì ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́..."

"Ó dáa. Ẹ lọ ṣàlàyé fún iyanrìn, kó jókòó mu méjì tó kù."

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, bí wọ́n ṣe ń jáde ní mọ́sálásí, ojú ọ̀run pọ́n. Ẹ̀fúùfù dé, kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ilé Sénábù ti wọlẹ̀. Baálẹ̀ fi ọwọ́ wa iyanrìn, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, èékánná rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n fa Sénábù yọ láàyè, iyanrìn kún ẹnu rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n yíjú láti bu omi fún un. Kò sí kànga. Ibi tó wà ti tẹ́jú, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ rí. Àwọn ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Wọ́n sáré lọ sí ìlú kejì, níbi tí gómìnà gbé katapílà lọ, wọ́n sì mú awakọ̀ katapílà wá pẹ̀lú omi nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó wo òkìtì náà, ó mi orí.

"Eléyìí ti kọjá agbára ẹ̀rọ. Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Baálẹ̀ ibi tí mo ti ń bọ̀ di ilẹ̀kùn mọ́tò mú kí gómìnà tó sọ̀ kalẹ̀. Kò tiẹ̀ kí i. Àwọn sójà tì í ṣubú, ó dìde, ó tún dì í mú. Gbogbo ayé ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fa omi níbẹ̀."

Wọ́n kó àwọn arúgbó àti ewúrẹ́ sókè ọkọ̀ tó gbé omi wá. Nígbà tí àwọn ará ìlú bi baálẹ̀ pé ibo ni wọ́n ń lọ, kò mọ̀.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, o kì í ṣe ọmọdé. O mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ. Bóyá àìsàn tí o ń fi pamọ́ ni, bóyá ìjà àwọn ọmọ ìyá rẹ tó fẹ́ di ìtàjẹ̀sílẹ̀. Lójoojúmọ́ la ń bi ọ́, lójoojúmọ́ lo ń bọ̀wọ̀ fún wa, o ní àlàáfíà ni. Mi ò ní kí ẹ̀rù má bà ọ́. Jẹ́ kó bà ọ́, kí ohùn rẹ máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n sọ ọ́. Mo ti jókòó. Sọ ọ́ báyìí.