Kòtò Ìwẹ̀ Àrinpé

Ní abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè olókùúta ni Àrinpé àti Ọládòkun, ọkọ rẹ̀, ń gbé. Ọdẹ ni Ọládòkun kí làkúrègbé tó so ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí Àrinpé rí i pé omi gbígbóná nìkan ló ń dẹ oríkèé ara ọkọ rẹ̀, ó gbẹ́ kòtò ìwẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì ń fi òkúta tó ti pọ́n nínú iná mú omi rẹ̀ gbóná.

Kòtò náà kò fẹ́ ọ̀lẹ. Bí omi bá sùn sínú rẹ̀, á yọ̀, á sì máa rùn. Nítorí náà, àràárọ̀ ni Àrinpé ń gbọ́n omi rẹ̀ gbẹ, tó ń fi eérú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́, tó ń fi amọ̀ dí ibi tó bá sán, kí ó tó lọ pọn omi tuntun lódò. Kò sì da omi àná nù lásán. Ó ń fi wọ́n gbogbo àyíká ilé, nítorí pé lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbóná bí agbada tó wà lórí iná, kò sì fẹ́ kí ó jó ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bó bá ti ibi ìwẹ̀ bọ̀. Bí koríko tútù ṣe gba àgbàlá náà nìyẹn.

Fákúnlé, àbúrò ọkọ rẹ̀, kò rí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Ó ní odò jìnnà, ọrùn ìyàwó àwọn kì í sì í ṣe irin.

“Ìyàwó, ṣé làkúrègbé ń ṣe ilẹ̀ náà ni?”

“Ẹ yà díẹ̀, ọkọ mi, kí n ríbi wọ́n omi,” ni Àrinpé fèsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná igbó já wọ abúlé. Afẹ́fẹ́ gbé e láti orí òrùlé kan dé òmíràn. Àwọn ènìyàn sá jáde láìwọ bàtà, ilẹ̀ ń jó wọn, èéfín sì bo ọ̀nà odò. Àrinpé kò sá. Kò lè gbé ọkọ rẹ̀, kò sì ní fi í sílẹ̀. Ó ń gbọ́n omi kòtò sórí òrùlé, ó sì ń pe àwọn ará abúlé ní orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ̀lé ohùn rẹ̀ dé àgbàlá náà. Fákúnlé ló dé kẹ́yìn, ó pọn ìyá arúgbó kan sẹ́yìn. Iná lé wọn dé etí koríko tútù náà, ó rú èéfín, ó sì kú.

Fákúnlé sọ ìyá náà kalẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ Fákúnlé ti bó, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ tútù ló wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

“Ìyàwó, omi tí o ti dà sílẹ̀ la dúró lé lónìí.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Fákúnlé ti ń ti ẹnu bọ́ sẹ́nu, títí àwọn àgbà fi sọ ọ́ di òwe pé: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.