Orúkọ Tí Àwọn Ìyàwó Ilé Fún Un

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé ìtàn kíkọ, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ìwé méjì ni ó ti tẹ̀ jáde, kò sì sí ẹni tí ó rántí ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tí ó fẹ́ kọ ìkẹta ni ó wá rò ó pé ìta ni òun ti ń wá ìtàn kiri, nígbà tí èyí tí ó dára jù wà ní ilé bàbá òun.

Ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni. Obìnrin yìí ni ó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, Màmá ni ó sì ń pè é. Nígbà tí Màmá wà ní ọ̀dọ́, ó sá kúrò ní ilé ọkọ nítorí lílù. Wọ́n gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jáde. Oṣù méjì kò pé lẹ́yìn náà tí ọmọ náà fi kú. Màmá padà sí ilé bàbá rẹ̀, kò fẹ́ ọkọ mìíràn, kò sì bí ọmọ mìíràn. Àwọn àgbà ilé tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ó sọ ọ́ fún òǹkọ̀wé lọ́jọ́ kan, nítorí ó gbà pé ọmọ ilé ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú láti bò ó. Ó yí orúkọ ìlú padà. Ọkọ tí ó jẹ́ àgbẹ̀, ó sọ ọ́ di oníṣòwò. Lìdíà Tinúọlá ni Màmá ń jẹ́ nínú ìwé ìjọ. Kò sí Lìdíà, kò sí Tinúọlá, nínú ìtàn náà. Nígbà tí ìtàn kò sì yára tó lójú rẹ̀, ó fi awakọ̀ lọ́rì kan kún un, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni obìnrin náà sá lọ, tí ó fi ọmọ sílẹ̀ lórí ẹní. Awakọ̀ yìí kò sí rárá. Òǹkọ̀wé ni ó dá a, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tí wọ́n ti bí sínú ilé kí òun tó dé ní orúkọ. Orúkọ mìíràn ni yóò wá fún un, láti ara ẹwà rẹ̀ tàbí ìrìn rẹ̀. Nígbà tí Màmá wà lọ́mọge, eyín rẹ̀ tò bí hóró àgbàdo, àwọn ìyàwó ilé sì ń pè é ní Eyínmẹ́nugún. Eyín ti ká tán báyìí, orúkọ náà ṣì wà. Òǹkọ̀wé fẹ́ràn bí ó ṣe ń dún lẹ́nu. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí nínú ìwé ìjọ, kò sí nínú ìwé ìjọba, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán ni, kì í ṣe orúkọ. Ó sì fi í sọ obìnrin inú ìwé rẹ̀. Ó bo èyí tí ẹnikẹ́ni kì í pè, ó wá fi èyí tí gbogbo agbo ilé ń pè láràárọ̀ sílẹ̀ gbangba.

Ìwé náà gbajúmọ̀ débi pé wọ́n ń kà á lórí rédíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ni ó gbé rédíò sí àgbàlá, tí ó ra bátìrì tuntun sí i, tí ó ní kí àwọn ìyàwó tí ń bó ẹ̀gẹ́ wá gbọ́ iṣẹ́ ọmọ òun. Ó jókòó sórí àpótí láàrin wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí orúkọ náà jáde lẹ́nu ẹni tí ń kàwé. Ọwọ́ gbogbo wọn dúró lórí ẹ̀gẹ́. Màmá kò dìde. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó gbọ́ ti awakọ̀, ó gbọ́ ti ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ó pa rédíò, ó sì wọlé.

Òǹkọ̀wé kò mọ nǹkan kan. Ó wálé lọ́jọ́ Sátidé, ó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́, wọ́n sì kí i. Ìyáálé ilé, èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn ìyàwó, gbé oúnjẹ wá, ó kọjú sí yàrá Màmá, ó ní, "Ẹ̀yin... ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá, oúnjẹ ti délẹ̀ o." Òǹkọ̀wé tẹ̀lé e lọ sí ilé ìdáná, ó bi í pé kí ló dé tí kò pe Màmá bí ó ti máa ń pè é.

"Kí ni kí n pè é, ọkọ mi?" ni ìyáálé wí. "Orúkọ tí à ń pè é, obìnrin tó bá dírẹ́bà lọ ló ń jẹ́ ẹ báyìí. Tí mo bá pè é, àwọn ìyàwó kékeré á máa wojú ara wọn. N ò lè la ẹnu pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èèwọ̀ mi ni. Tí mo bá ní 'ọkọ mi', ọmọ tí a sọ lórúkọ láìpẹ́ yìí náà, ọkọ mi ni. Màmá tí ìwọ ń pè é, ti ọmọ ni, kì í ṣe ti ìyàwó. Ẹlòmíì, à bá fi ọmọ pè é, ká ní Ìyá Lágbájá." Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná. "Ìwọ náà mọ̀ pé ìyẹn ò ṣeé ṣe."

Ó mọ̀. Òun ni ó kọ ọ́. Ó ní òun yóò yọ orúkọ náà kúrò nígbà tí wọ́n bá tún ìwé tẹ̀.

"Ìwé lo máa tún tẹ̀," ni obìnrin náà dáhùn. "Ẹnu wa ńkọ́?"

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un. Ìyáálé wò ó tàánútàánú. Àwọn tí wọ́n fún Màmá ní orúkọ náà ti kú tán. Òun fúnra rẹ̀ bá a nílẹ̀ ni. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ ọmọge fún arúgbó tí kò ní eyín lẹ́nu?

Ó jáde sí àgbàlá, ó kó àwọn ìyàwó kékeré jọ, ó búra fún wọn pé òun ni òun hùmọ̀ awakọ̀ náà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Wọ́n ti wádìí lọ́wọ́ àwọn àgbà, tí wọn kò lè sẹ́ ẹ mọ́, wọ́n sì ti rí i pé òótọ́ ni ti ọkọ, òótọ́ ni ti ọmọ. Kí ló dé tí ti awakọ̀ nìkan yóò fi jẹ́ irọ́? Nígbà tí ó wá dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Màmá, Màmá ní kí ó dìde, pé òun ti gbọ́ ìwé náà, pé ó dùn. Ìbá sàn fún un kí ó gbá a létí.

Láti ìgbà náà Màmá kò jókòó sí àgbàlá mọ́. Kò sí ẹni tí ó pè é jáde, nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi pè é. Wọn a gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, wọn a kan ilẹ̀kùn, wọn a lọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òǹkọ̀wé tún wá, ó ń sunkún, ó bẹ ìyáálé pé kí ó pè é bí ti àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó pè, "Eyínmẹ́nugún o." Wọ́n gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún nínú yàrá.

"Ẹni yẹn ò sí níbí," ni Màmá wí. "Inú ìwé ló wà."

Wọn kò rí ohun mìíràn pè é títí ó fi kú.

Ìwọ tí o gbé ìwé rẹ wá kí n bá ọ wò ó, mo ti kà á tán. O kọ ọ́ dáadáa, n kò ní tàn ọ́. Mo rí i pé o yí orúkọ ìlú padà, o yí ti bàbá rẹ padà, ọkàn rẹ sì balẹ̀. N kò sọ pé kí o má kọ nípa ilé rẹ. Níbo ni o tún fẹ́ ti rí ìtàn? Ṣùgbọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́. Mú un lọ sílé. Dúró sí àgbàlá, kí o pe gbogbo orúkọ inú rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àti oríkì, àti ìnagijẹ, àti èyí tí o rò pé kì í ṣe orúkọ rárá. Èyí tí ẹnikẹ́ni bá dáhùn sí, pa á rẹ́ nígbà tí ẹni náà ṣì ń dáhùn.