Ẹmu Àárọ̀ àti Túbọ̀mu Baálẹ̀

Àwọn ará Olórombó ní òwe kan tó máa ń rú àlejò lójú: "Ẹmu àárọ̀ ní í gbọ̀n lọ́wọ́ alẹ́." Àlejò á ní, báwo? Ẹni tó mu ẹmu láàárọ̀ á sùn lọ́sàn-án, á fi omi bọ́jú, ojú rẹ̀ á sì dá kó tó di alẹ́. Kí ló tún kù tí yóò máa gbọ̀n? Onílé á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó fèsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí.

Làníhùn ni ọmọ kan ṣoṣo tí onígbàjámọ̀ ìlú bí. Ìdílé wọn ló ń fárí fún gbogbo baálẹ̀ lọ́jọ́ ìwúyè. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí abẹ débi pé ọmọ ọwọ́ a máa sùn lọ bó bá ń fá a lórí. Ọdún yẹn náà lòun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nídìí ẹmu lábẹ́ igi ìyeyè. Wọn kì í mu ún bí èèyàn ṣe ń mu ẹmu. Akèrègbè ni wọ́n ń gbé sẹ́nu. Ẹni tí kò bá mí títí tó fi gbẹ ni wọ́n ń fi jẹ Ọ̀gá Ọ̀fun. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Làníhùn fi jẹ oyè náà. Lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún òbúkọ, ó ní, "Ẹ káàsán, bàbá. Irùngbọ̀n yín mà dára." Lọ́jọ́ mìíràn, ó bá kùkùté jà nítorí pé ó kí i, kò dáhùn. Ẹgbẹ́ á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi dùbúlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ pè é. "Làníhùn, ọwọ́ rẹ loko rẹ. Má fi ẹmu ba oko jẹ́."

"Bàbá, èwe ló ń ṣe wá. Tí mo bá gbéyàwó, màá fi sílẹ̀."

Kò parọ́. Ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó fẹ́ Àwẹ̀ró, kò sì fẹnu kan ẹmu mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n bí ewé àgbàdo nínú afẹ́fẹ́. Ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Bó bá fá orí ọmọ tán, ilà méjì mẹ́ta á wà níbẹ̀, àwọn ìyá á ní ó kúkú dára, ọmọ àwọn ò lè sọnù. Àwẹ̀ró nìkan ló mọ̀ pé ọkọ òun kì í rẹ́rìn-ín tó bá délé. Lẹ́yìnkùlé, òun ló ń gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fá orí àwọn ọmọ wọn.

Lẹ́yìn ọdún méjìlá, wọ́n yan Olúdọ̀tun ní baálẹ̀. Bàbá Làníhùn ti kú, òun ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Baálẹ̀ tuntun yìí ní túbọ̀mu kan, irun orí ètè, tó ti ń fi òróró kẹ́ láti ogún ọdún. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ní ó fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn lọ. Ó jókòó láàárín èrò, ó ní, "Orí nìkan ni kí o fá. Ti túbọ̀mu, etí rẹ̀ ni kí o gé kó gún."

Làníhùn fá orí já, òógùn bò ó. Ó dé ibi túbọ̀mu, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ni ọwọ́ òsì náà bá bá a jó. Fìrì, abẹ fò. Ìdajì túbọ̀mu já sórí itan Baálẹ̀ bí ọmọ ológbò.

Ìyálé Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá gba ojúde kan. Àwọn àgbà di inú mú. Làníhùn nìkan ló wà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń sunkún.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síwájú Baálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí rẹ̀."

Ó fá ìyókù kíá, ó dán bọ̀rọ́. Wọ́n gbé dígí fún Baálẹ̀, ó wo ara rẹ̀ títí. Ìyálé ní, "Ọkọ tó fẹ́ mi ní kékeré ló padà dé yìí." Baálẹ̀ alára rẹ́rìn-ín, ó wá kọjú sí Làníhùn.

"Akèrègbè mélòó lo mu láàárọ̀ yìí?"

"Bàbá, n kò mu. Ó di ọdún méjìlá."

"Ẹmu wo ló wá ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ?"

"Èyí tí mo mu nígbà èwe mi ni. Mo fi í sílẹ̀, òun ò fi mí sílẹ̀."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Baálẹ̀ fa Làníhùn dìde, ó sì fi abẹ ìlú lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́ títí láé.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀dọ́ kan bá ní òun yóò fi ẹmu sílẹ̀ bí òun bá dàgbà, wọn kì í bá a jiyàn ní Olórombó. Wọ́n á ní, "A gbà, o lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èwe ni àárọ̀, àgbà ni alẹ́, ọmọ wa. Ẹmu àárọ̀ ní í gbọ̀n lọ́wọ́ alẹ́."