Ìyíọlá Bá Onílé Rẹ̀ Ta Ṣẹ́ẹ̀sì

Ìyíọlá opó kọ̀ láti fẹ́ Olóyè Adégòroyè, onílé rẹ̀, ni baba bá gbé ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tí wọ́n fi ń lé ọba ara wọn, síwájú rẹ̀: “Bó o bá pa mí, o rí mi fín, kẹ́rù ẹ jáde. Bí mo bá pa ọ́, mi ò gba ọ̀pẹ nílé, kẹ́rù ẹ jáde.” Ọ̀ta ayò ni Olóyè, lójú tirẹ̀, ẹni tó bá jẹ jù ló borí. Ìyíọlá ń fi ọmọ ayò bọ́ ọ, ó ń jẹ, ó ń kọrin ọ̀pẹ, títí ó fi ku ọba Ìyíọlá nìkan ní kọ̀rọ̀. Olóyè pariwo, “Ta!” Ìyíọlá kúnlẹ̀. “Kò síbi tí ọba mi lè tẹ̀ tí ẹ ò ní pa á, bẹ́ẹ̀ níbi tó wà, ẹ ò halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀mì ni òfin ṣẹ́ẹ̀sì pe èyí, Bàbá: mi ò pa yín, ẹ ò pa mí. Ẹ ti jẹ gbogbo ohun tí mo ní tán. Ojú kan tí mo dúró sí ló kù, ẹ ò sì lè lé mi kúrò níbẹ̀.”