Ère Pẹ́pẹ́yẹ Tó Na Ọrùn

Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí àbàtà. Ọdẹ ni, bàbá tó bí i lọ́mọ náà sì ṣọdẹ níbẹ̀ títí ó fi kú. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó a máa fò wá sí àbàtà náà lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́, wọn a máa súfèé lójú ọ̀run.

Bàbá yẹn kì í náwó kó tó rí wọn pa. Kèrègbè tó ti sán ni yóò ṣà kiri ẹ̀yìnkùlé. Yóò fi ìda oyin dí ojú ibi tó sán, yóò ki igi wọ́rọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó di ọrùn, yóò fi dúdú ìdí ìkòkò kùn ún lára, yóò sì fi ẹfun kun ojú rẹ̀. Ó di ère pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn. Yóò fi okùn so òkúta mọ́ ọn kí omi má baà gbé e lọ. Àwọn ẹyẹ tó ń kọjá lókè yóò rò pé ẹgbẹ́ àwọn ló ń jẹun nísàlẹ̀, wọn yóò sì bà. Ọkùnrin yìí àti àbúrò rẹ̀ ló máa ń di ère mú fún bàbá, wọn a sì máa fi ọwọ́ ẹlẹ́fun ra ara wọn lójú. Ayé dùn nígbà náà. Ọbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ a máa ta sánsán dé ilé kẹta.

Nígbà tí bàbá kú, àbúrò lọ ń ṣe káfíńtà ní ìlú ńlá. Ó ń wá sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá dé láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ yóò ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Kì í sùn nílé bàbá rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dun ẹ̀gbọ́n wọ egungun.

Lọ́dún kan, àbúrò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n pinnu pé ọbẹ̀ ìgbà èwe wọn ni òun yóò fi dá a dúró. Ó gbé àwọn ère pẹ́pẹ́yẹ tí bàbá rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó wò wọ́n, ojú tì í. Gbogbo wọn ló tẹrí ba bí ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní irú èyí kọ́ ni ará ìlú ńlá yóò bá lọ́wọ́ òun. Ó dá wọn padà sókè, ó wá kèrègbè mìíràn, ó sì ṣe tirẹ̀. Gbogbo wọn na ọrùn gangan bí ìjòyè.

Ó tò wọ́n sórí omi. Àwọn ẹyẹ dé, wọ́n yí wọn ká lókè, wọ́n súfèé, wọ́n bá tiwọn lọ. Bákan náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Etí omi ni àbúrò ti bá a, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Àbúrò wo àwọn ère náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ gbogbo wọn di ọlọ́dẹ! Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Bàbá máa ń sọ pé ẹyẹ tó bá na ọrùn, ewu ló rí. Èyí tó tẹrí ba ló ń jẹun. Ta ló fẹ́ bà síbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ?”

Wọ́n lọ gbé ti bàbá wá. Ẹfun ojú wọn ti ṣí, àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n ń kùn wọ́n bíi ti àtijọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n tò wọ́n sómi tí àwọn ẹyẹ fi bà. Ìbọn dún, ọbẹ̀ délẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, àbúrò nawọ́ sí àpò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, “Àbúrò mi, kí ló dé tí o kì í sùn sílé mọ́?”

Àbúrò ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọrùn yín ni. Bí mo bá ti ń yọ lókèèrè lẹ ti ń nà án lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó ti máa bi mí pé, kí ló mú mi pẹ́? Kí ni mo ti kó jọ? Ìgbà wo ni mo máa kọ́lé? Kí n tó jókòó, ẹ̀rù ti bà mí.”

Ẹ̀gbọ́n bu ọbẹ̀ sí i fún un, ó tẹrí ba sórí àwo tirẹ̀, ó ń jẹun. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò tẹ́ ẹní.

Ìwọ tó wá bá mi pé àwọn ọmọ rẹ kì í yà sílé mọ́, ìwọ ni mo ń bá wí. Má sọ fún mi pé ayé ti bàjẹ́. Wọ́n ń wá. Òkè òrùlé rẹ ni wọ́n ń yí ká, wọ́n ń wo ọrùn rẹ. Mi ò ní kí o yìnbọn fún wọn o! Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún dé, má bi wọ́n ní nǹkan kan. Bu oúnjẹ fún wọn, kí ìwọ náà tẹrí ba, kí o jẹun.