Ìjàpá Tí Kò Mọ̀ Ju "Ẹ Ǹlẹ́" Lọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun yó ni? Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ sún mọ́bí. Àwẹ̀ró, má sá sẹ́yìn ìyá ẹ, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá wí. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo jókòó, mò ń bó ẹ̀gúsí, o sì gba iwájú mi kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. O ní "ẹ ǹlẹ́", o ti dé ẹnu ọ̀nà. Èmi pẹ̀lú ewú orí mi, "ẹ ǹlẹ́" lásán? Ó dáa. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò rí ibòmíràn balẹ̀ sí, àfi orí Ìjàpá ahun.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú àwọn ẹranko, iṣẹ́ pọ̀, ìkíni náà sì pọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni tirẹ̀. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, "Àrọ yè o!" ni wàá wí, òun náà á sì dáhùn pé, "Ògún á gbè ọ́ o!" Aláró ńkọ́? "Àrẹ̀dú o!" Ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ, "Igbà á rọ̀ o!", nítorí igbà ló gbé e ró lókè yẹn. Àgbẹ̀ tó mú ọkọ́ lọ́wọ́, "Àroko bọ́dún dé o!", pé kí ó máa ro ó lọ, kí ọdún mìíràn tún bá a lẹ́nu rẹ̀.

Òfin kan sì wà. Ẹni tí a bá kí lẹ́nu iṣẹ́, tí a kí i bó ti yẹ, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó kí i lọ lọ́wọ́ òfo. Ìbáà ṣe iṣu kan, ìbáà ṣe ìdajì igbá ẹmu.

Ìjàpá kò ṣe iṣẹ́ kankan rí láyé rẹ̀, ibo ni ìbá ti kọ́ ìkíni iṣẹ́? "Ẹ ǹlẹ́" nìkan ló mọ̀. Yóò dé ọ̀dọ̀ Ìnàkí alágbẹ̀dẹ, "Ẹ ǹlẹ́ o." Ìnàkí á ní, "Ìwọ náà ǹlẹ́ o," á sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Àgbọ̀nrín aláró, "Ẹ ǹlẹ́ o." "Ìwọ náà ǹlẹ́." Ikùn Ìjàpá ń ké bí ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ kan ó gba abẹ́ igi àràbà kan kọjá, ó sì gbọ́ ohùn lókè. Odídẹrẹ́ ló jókòó lẹ́nu ihò igi rẹ̀, tó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Kò sí ìkíni tí kò mọ̀. Àmọ́ ẹ̀ka igi ti wó lù ú, apá rẹ̀ kan rọ, kò lè fò lọ wá oúnjẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń lanu sókè nínú ihò, kò sì sí nǹkan tí ìyá wọn yóò fi sí i.

Ìjàpá ní, "Àbúrò mi, ìyà mà ń jẹ ọ́ o! Ìwọ ní ẹnu, o ò ní ẹsẹ̀. Èmi ní ẹsẹ̀, n ò ní ẹnu. Bọ́ sínú àpò mi. Ibi tí mo bá gbé ọ dé, ìwọ máa kí wọn láti inú àpò, èmi á máa la ẹnu bí ẹni pé èmi ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá rí, ká pín in sí méjì ọgbọọgba."

Odídẹrẹ́ wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìnàkí, ohùn kan jáde pé, "Àrọ yè o!" Inú Ìnàkí dùn, ó ní, "Háà, Ìjàpá ti gbọ́n!" Ó fún un ní iṣu ńlá. Àgbọ̀nrín bu ẹ̀wà fún un. Ọ̀bọ sọ igbá ẹmu kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ. Ẹfọ̀n, àgbẹ̀ ìlú, kó àgbàdo fún un títí apẹ̀rẹ̀ tó gbé rù fi kún dé etí.

Nígbà tí ó di ìgbà pípín, Ìjàpá ju eèpo iṣu sí Odídẹrẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ nígbà tí wọ́n gbé odindi iṣu kalẹ̀."

"Odindi ni lóòótọ́. Inú rẹ̀ ti rà."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Kòkòrò ti jẹ ẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fi ìyà jẹ ara mi, tí mo jẹ ẹ́, kó má bàa pa àwọn ọmọ rẹ."

Ẹ ò rí olójú kò-tijú! Ìyá ọlọ́mọ ń gbé eèpo relé, Ìjàpá ń to iṣu jọ sínú ihò ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí tí Ìjàpá fi ní òun ti há gbogbo ìkíni náà sórí. Eèpo yẹn náà wá ń dun ahun. Ó ní, "Odídẹrẹ́, máa lọ ilé rẹ. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dáná, àrọ yè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúdú, àrẹ̀dú. Ẹni tó bá wà lórí igi, igbà á rọ̀. Ẹni tó bá mú ọkọ́, àroko bọ́dún dé. Kí ló tún kù?"

Odídẹrẹ́ ní, "Ojú ló kù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa wo ojú ẹni kí ẹ tó kí i."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ojú ni mo fẹ́ jẹ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá méjì, ó di ọ̀nà. Ó dé àgbẹ̀dẹ, iná ti kú. Ó dé ìdí aró, kò sí ẹnì kan. Ló bá gbọ́ ariwo èèyàn lẹ́yìn ilé Ìnàkí. Ó yọjú, gbogbo ìlú ló pé síbẹ̀! Ẹfọ̀n wà láàárín wọn, ó mú ọkọ́, ó ń wa erùpẹ̀ jáde, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀.

Kí ni Ìjàpá ò mọ̀? Ìyá Ìnàkí ló kú. Ẹfọ̀n ló fẹ́ ọmọ Ìnàkí, àwọn àna ló sì máa ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú nílùú náà. Gbogbo ojú ló pọ́n. Ìjàpá ò wo ojú. Ọkọ́ ló rí. Ó sáré bọ́ síwájú, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo:

"Àroko bọ́dún dé o!"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ẹfọ̀n.

Ìjàpá rò pé wọn ò gbọ́ ni. Ó tún gbóhùn sókè: "Èyí tí ẹ gbìn lónìí, á di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mìíràn o! Ọdọọdún la ó máa rí i gbìn!" Ó wá rí ohun gígùn kan tí wọ́n fi ẹní dì. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Èbù iṣu yìí mà tóbi o! Apá ibo ni tèmi níbẹ̀?"

Ìnàkí dìde pẹ̀lú omijé lójú. "Ìjàpá, ìyá mi lò ń pè ní iṣu? Ọdọọdún? Ta lo fẹ́ kó kú lọ́dún tó ń bọ̀?"

Àwọn ẹranko fẹ́ lù ú pa. Ìnàkí ní rárá, a kì í jà lórí òkú ìyá ẹni. "Ẹfọ̀n, ẹ sinmi. Ẹ gbé ọkọ́ yẹn fún un. Iṣẹ́ tó kí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é."

Ìjàpá gbẹ́ ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ nìyẹn! Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àṣé apá Odídẹrẹ́ ti san, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ti ń fò. Wọ́n wá kí Ìnàkí kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n bà sórí igi, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n rí ẹni tó ń làágùn. Wọ́n bá dá orin. Ẹ gbè é o, "tere ná tere" ni ègbè:

Bàbá Ìjàpá, ẹ kú iṣẹ́ o,
*Tere ná tere.*
Ẹ kú làálàá, ẹ kú òógùn ojú,
*Tere ná tere.*
Iṣu tó rà, ẹ fún wa ńbẹ̀,
*Tere ná tere.*
Ẹ̀wà kòkòrò, ẹ fún wa ńbẹ̀,
*Tere ná tere.*

Gbogbo ìlú yíjú sí Ìjàpá. Wọ́n kí i lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kí i bó ti yẹ. Òfin ni òfin. Nígbà tó fi ọkọ́ kalẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ìyá gba tirẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ọ̀bọ ní, "Èmi náà kí ọ o, Ìjàpá, ẹ kú iṣẹ́!" Àgbọ̀nrín ní òun náà kí i. Nígbà tí wọ́n fi kí i tán, ihò ẹ̀yìn ilé ti mọ́ fóò.

Láti ọjọ́ náà, Odídẹrẹ́ kì í rí èèyàn kó má kí i. Ìjàpá ní tirẹ̀, bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ báyìí, á kó orí wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rójú rẹ̀ kí.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń kíni, ojú ni. Wo èèyàn kí o tó kí i. Ẹni tó ń kíni torí ohun tí yóò gbà, ó lè kí òkú kú oríire. Bí ó bá jọ irọ́ lójú yín, bí ẹ bá rí ìjàpá lójú ọ̀nà lọ́la, ẹ kí i, kí ẹ wò ó bóyá yóò yọrí.

Kí lo wí, Àwẹ̀ró? O kúnlẹ̀? "Màmá, ẹ kú ẹ̀gúsí bíbó láti àárọ̀, ẹ kú àlọ́, ẹ kú ọ̀fun gbígbẹ"? Háà! Ọmọ yìí mà ti rójú mi o! Ẹ bá mi gbé ẹ̀pà tó wà lẹ́yìn ìkòkò yẹn fún un, òfin ni òfin.

Ẹ̀yin yòókù, kí lẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún? Ẹ dìde! Ẹ̀pà ti tán! Ẹnikẹ́ni má kí mi mọ́ o, mo ti kó orí mi wọnú ìró.