Igbá Tí Àwẹ̀ró Jogún

Àwẹ̀ró nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí tí ó yè, nítorí náà nígbà tí ìyá papò dà, kò sí ẹni tí ó bá a du igbá. Igbá náà kì í ṣe kékeré lójú ìyá. Òun ni ó gbé wá sílé ọkọ, òun ni ó fi ń mu ẹ̀kọ láràárọ̀, òun náà ni ó fi ń fún àlejò lómi. Ní ọdún kan igbá já bọ́, ó là, ìyá sì gbé e tọ ẹni tí ń rán igbá lọ. Láti ìgbà náà ni ojú ìrán ti dábùú ìdí rẹ̀ bí ilà ojú àgbàlagbà. Kí ìyá tó dákẹ́, ó ní, "Àwẹ̀ró, má gbé e sórí àjà o. Máa fi í jẹun, kí o lè máa rántí mi."

Àwẹ̀ró fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n ojú ìrán yẹn ń tì í lójú. Ó ra àwo tánńganran tuntun, ó sì gbé igbá lọ sórí àjà. Bí àlejò bá gbójú sókè pé, "Igbá yẹn mà dára o," Àwẹ̀ró á yára fèsì pé, "Ẹ má wo ìyẹn jàre, àíkàràgbá lásán ni." Ó rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni òun ń hù. Àńkẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílé, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ta ni ìyàwó tí yóò bá ìyálé rẹ̀ jiyàn?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá Láníyọnu, ẹ̀gbọ́n ìyá Àwẹ̀ró, ti oko dé. Àwẹ̀ró bu omi tútù sínú àwo tánńganran, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un. Bàbá kò gbà á.

"Igbá àbúrò mi ni mo fẹ́ fi mumi, ọmọ mi. Ara ti ń di ara àgbà. N kò mọ̀ bóyá n óò tún lè fẹsẹ̀ rìn débí."

Àwẹ̀ró nawọ́ sórí àjà. Kò bá nǹkan kan. Ó sáré sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì bá Àńkẹ́ tí ń lọ sí ààtàn, igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún fún eérú àti igbẹ́ ewúrẹ́.

"Àńkẹ́! Ta ló ní kí o fi igbá ìyá mi kólẹ̀?"

Ìyàwó kúnlẹ̀ wìì. "Ẹ má bínú, ìyálé mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún àlejò pé àíkàràgbá ni. N kò mọ̀ pé igbá ìyá yín ni."

Bàbá, tí ó ti tẹ̀lé Àwẹ̀ró jáde, mi orí. "Má bá ọmọ ọlọ́mọ wí. Orúkọ tí o sọ igbá náà ló ń jẹ́."

Ẹkún gbọ̀n Àwẹ̀ró. Òun fúnra rẹ̀ ló da ilẹ̀ nù, òun ló fi kànìnkànìn fọ igbá títí ó fi mọ́. Nígbà tí ó bu omi sí i, omi ń kán lójú ìrán, nítorí igbá ti gbẹ jù. Bàbá mu ún bẹ́ẹ̀, omi rin ín láyà, ó sì rẹ́rìn-ín. "Máa lò ó. Bí ó bá ń rí omi, kò ní jò mọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, inú igbá ni Àwẹ̀ró ti mu ẹ̀kọ. Bí àlejò bá sì béèrè, á dáhùn sókè pé, "Igbá ìyá mi ni." Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ méjèèjì ni Àńkẹ́ fi ń gbé e.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní àíkàràgbá kí ayé tó fi kólẹ̀.